Owó Ọjà Kì Í Ṣe Èrè

Ẹ̀yin ìyá wa tó ń yan gàrí ní Ṣábẹ̀ẹ́, kí ni èrè, tí àwọn tó gbọ́ Faransé ń pè ní benefísì? Ọ̀pọ̀ ń pe gbogbo owó tí a gbà lọ́jà ní èrè. Kò rí bẹ́ẹ̀. Èrè ni ohun tó ṣẹ́ kù lẹ́yìn tí a bá yọ gbogbo ìnáwó.

Ká sọ pé ẹ ta gàrí ní 22.000 fàráǹkì. Ẹ ra ẹ̀gẹ́ 12.000, igi ìdáná 3.000, owó ẹ̀rọ 2.000, owó ọkọ̀ 1.500. Àpapọ̀ jẹ́ 18.500. Ó ku 3.500.

Bí ẹ bá fi ọjọ́ 4 ṣe é, 875 lóòjọ́ nìyẹn. Láti ọdún 2023, owó oṣù tó kéré jù lófin ilẹ̀ Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52.000. Ẹ pín in sí ọjọ́ iṣẹ́ 26: 2.000 lóòjọ́.

Lójú tèmi, agbára wa kì í ṣe ọ̀fẹ́. Bí ẹ̀gẹ́ bá ti oko yín wá, ẹ ka iye rẹ̀ pẹ̀lú. Ẹ má fi owó ẹ̀gẹ́ tó ń bọ̀ ra aṣọ.

Ẹ ti mọ̀wé báyìí. Ẹ kọ owó tó jáde sí apá kan, kí ẹ kọ èyí tó wọlé sí apá kejì. Nígbà náà ni ẹ ó mọ̀ bóyá kí ẹ fi owó lé gàrí, tàbí kí ẹ jọ ra igi pọ̀ nínú ẹgbẹ́.