Ẹni tí ó ń ṣọ́ ẹ̀yìn



Ní ọjọ́ kan, ìyá kan ní kíláàsì wa bi mí ní ìbéèrè. Ó ní: "Olùkọ́, ọmọ mi kò fẹ́ lọ sí oko mọ́. Bọ́ọ̀lù ni ó ń gbá láàárọ̀, bọ́ọ̀lù ni ó ń gbá lálẹ́. Ṣé iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù?" Gbogbo kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Bàbá kan ní iṣẹ́ ọ̀lẹ ni. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Mo ní èmi yóò dáhùn nínú ìwé wa, kí gbogbo wa lè kà á.

Èrò tèmi nìyí. Iṣẹ́ ni bọ́ọ̀lù. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó máa ń tètè tán ni, a kì í sì í sọ èyí fún àwọn ọmọ wa. Ẹ jẹ́ kí n fi ìtàn ọkùnrin kan ṣe àlàyé. Stephen Keshi ni orúkọ rẹ̀. Ọmọ Nàìjíríà ni, ṣùgbọ́n àwọn ará Tógò mọ̀ ọ́n dáadáa.

Ọdún 1962 ni wọ́n bí Keshi. Òun kọ́ ni wọ́n fi síwájú láti máa gbá bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n. Ẹ̀yìn ni ó ń ṣọ́. Iṣẹ́ rẹ̀ ni pé kí àwọn tí wọ́n ń bá díje má ráyè kọjá. Ẹ wo ọdẹ tí ń ṣọ́ àdúgbò lóru. Bí olè kò bá wọlé, ta ni yóò lọ kí i ní òwúrọ̀? Ọjọ́ tí olè bá wọlé ni gbogbo wa ń pe orúkọ rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ gan-an ni ti ẹni tí ń ṣọ́ ẹ̀yìn nínú bọ́ọ̀lù.

Ó gbá bọ́ọ̀lù ní Èkó, ó sì gbá a ní ìlú Ìbíní. (Kì í ṣe orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ tiwa o, ìlú kan ní Nàìjíríà ni.) Lẹ́yìn náà, aáwọ̀ dé láàárín òun àti àwọn tí ń ṣàkóso bọ́ọ̀lù ní ìlú rẹ̀. Ó kó ẹrù rẹ̀, ó lọ sí Àbíjàn ní Côte d'Ivoire. Láti ibẹ̀ ni ó ti lọ sí Bẹ́ljíọ̀m ní 1986. Ní 1987, ó wọ ẹgbẹ́ ńlá kan tí ń jẹ́ Anderlecht. Ní 1991, Anderlecht gba ipò kìíní ní gbogbo Bẹ́ljíọ̀m, Keshi sì wà nínú wọn. Lẹ́yìn ìyẹn, ó lọ sí Strasbourg ní ilẹ̀ Faransé. Nígbà yẹn, àwọn ọmọ Nàìjíríà tí ń fi bọ́ọ̀lù jẹun ní Yúróòpù kò pọ̀. Ọ̀pọ̀ ni ó gba ọ̀nà yẹn lẹ́yìn rẹ̀.

Òun ni balógun ikọ̀ Nàìjíríà fún ọdún púpọ̀. Ní 1984 àti ní 1988, wọ́n dé ìparí ìdíje Ife Ẹ̀yẹ Ilẹ̀ Áfíríkà. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Kamẹrúùnù nà wọ́n. Ní 1994, ní Tùnísíà, wọ́n borí Sáḿbíà pẹ̀lú góòlù 2 sí 1. Keshi kò gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ náà, ṣùgbọ́n òun ni ó gbé ife sókè, nítorí òun ni balógun. Ní ọdún kan náà, ó lọ sí Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé ní Amẹ́ríkà. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni ó gbá níbẹ̀.

Ẹ ṣe àkíyèsí: ọmọ ọdún 32 ni nígbà náà. Èmi tí mò ń kọ èyí ti ju ọdún 32 lọ, ẹ sì ń pè mí ní ọmọdé. Ní oko, ẹni ọdún 32 ṣẹ̀ṣẹ̀ ń ní agbára ni. Nínú bọ́ọ̀lù, ó ti darúgbó.

Kí ni Keshi wá ṣe? Ó padà di akẹ́kọ̀ọ́ bíi tiyín. Ó kọ́ iṣẹ́ akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní 2004, Tógò pè é. Tógò kò tíì dé Ife Ẹ̀yẹ Àgbáyé rí. Wọ́n kó wọn pọ̀ mọ́ Sẹ̀nẹ̀gàl, tí òkìkí rẹ̀ kàn púpọ̀ ní 2002. Ta ni ó gbà pé Tógò yóò borí? Ní ọjọ́ 8, oṣù kẹwàá, 2005, wọ́n lu Kóńgò 3 sí 2 ní Brazzaville, wọ́n sì wọlé. Emmanuel Adebayor gbá góòlù 11 sínú àwọ̀n nínú ìdíje náà. Adébáyọ̀: ẹ gbọ́ orúkọ náà, orúkọ tiwa ni, Lomé ni wọ́n sì bí i sí. Gbogbo ọmọdé mọ Adébáyọ̀. Mélòó nínú wọn ni ó mọ ẹni tí ó kọ́ ikọ̀ náà?

Ní ìbẹ̀rẹ̀ 2006, Tógò pàdánù eré mẹ́ta ní Íjíbítì. Wọ́n lé Keshi. Òyìnbó kan, Otto Pfister, ni ó kó wọn lọ sí Jámánì. Wọ́n tún pàdánù mẹ́tẹ̀ẹ̀ta níbẹ̀. Ẹnìkan lè sọ pé ọ̀gá ni ó ni iṣẹ́, ẹni tí ó bá wù ú ni yóò gbà. Mo gbà. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó ro oko, tí ó gbin àgbàdo, kí a lé e lọ nígbà tí àgbàdo gbó? Kò dára lójú tèmi. Lẹ́yìn náà, Tógò tún pè é. Ó sì tún lọ!

Ní 2013, ó kó Nàìjíríà lọ sí Gúúsù Áfíríkà. Wọ́n borí Bùrkínà Fasò, 1 sí 0. Ṣáájú rẹ̀, ẹnìkan ṣoṣo, El-Gohary ará Íjíbítì, ni ó ti gba ife yẹn gẹ́gẹ́ bí agbábọ́ọ̀lù àti gẹ́gẹ́ bí akọ́nimọ̀ọ́gbá. Ní oṣù kejìlá 2015, ìyàwó Keshi kú. Ní oṣù kẹfà 2016, òun náà kú ní Ìbíní. Ọmọ ọdún 54 ni.

Ìyá, ẹ jẹ́ kí ọmọ yín gbá bọ́ọ̀lù. Ohun tí ó ń bà mí lẹ́rù ju ìyẹn lọ ni ìwé. Mo mọ bàbá kan tí àlejò kan bá nílé. Àlejò náà ní òun yóò mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Yúróòpù, ó mú ìwé jáde, ó béèrè owó. Bàbá ta ilẹ̀. Kò mọ ìwé kà, ó tẹ ìka sí i. Títí di òní, ọmọ wà nílé, ilẹ̀ ti lọ, a kò sì rí àlejò mọ́. Ẹgbẹ́ tí ó fẹ́ agbábọ́ọ̀lù lóòótọ́, òun ni ó ń sanwó. Kì í gbowó lọ́wọ́ bàbá ọmọ.

Nítorí náà, bí ẹnikẹ́ni bá gbé ìwé wá nítorí ọmọ yín, ẹ má tẹ ìka sí i. Ẹ gbé e wá sí kíláàsì. A ó jọ kà á, ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan, bí ó tilẹ̀ gba alẹ́ mẹ́ta.