Òtútù Ló Ń Kun Ológbò Siam Lọ́dà

Bí ológbò Siam bá bímọ, funfun báláú ni àwọn ọmọ náà máa ń wáyé. Ẹni tí kò bá mọ irú wọn lè fura pé ìyá wọn ti yan àlè. Ẹ fún wọn ní ọ̀sẹ̀ mélòó kan: etí á bẹ̀rẹ̀ sí í dúdú, imú á tẹ̀ lé e, ẹsẹ̀ àti ìrù náà á gbà á, ara yòókù á sì wà ní àwọ̀ mílíìkì.

Inú jíìnì, ìyẹn àbùdá tí ọmọ ń jogún, ni ọ̀rọ̀ náà wà. Ẹ́ńsáìmù tó yẹ kó pèsè aró dúdú fún irun wọn kì í lè ṣiṣẹ́ níbi tó bá gbóná. Ara ológbò sì gbóná ju tiwa lọ, ó tó ìwọ̀n 38 sí 39 lórí òṣùwọ̀n Celsius. Etí, imú, ẹsẹ̀ àti ìrù ló tutù díẹ̀, ibẹ̀ náà ni aró ti ń jáde. Inú ìyá kò ní ibi tútù, ìyẹn ló fà á tí ọmọ fi ń wáyé ní funfun. Kódà, bí dókítà ẹranko bá fá irun ẹ̀yìn rẹ̀ nítorí iṣẹ́ abẹ, irun tuntun tó hù níbẹ̀ lè dúdú, títí ìgbà tó bá tún pààrọ̀ irun.

Jíìnì yìí kan náà ló fún un ní ẹyinjú búlúù, òun náà ló sì ń da ọ̀nà iṣan tó ti ojú lọ sí ọpọlọ rú. Ìdí nìyẹn tí ojú méjèèjì ọ̀pọ̀ ológbò Siam àtijọ́ fi máa ń wo ọ̀kánkán imú.

Táílándì, tó ń jẹ́ Siam nígbà kan, ni wọ́n ti wá. Ní ọdún 1871, wọ́n pàtẹ wọn níbi ìfihàn ológbò ní Crystal Palace, London. Orí àwọn ìgbà yẹn rí rogodo. Àwọn tó ń sìn wọ́n fún ìdíje ló wá yan orí ṣóńṣó, etí fẹ̀ǹgẹ̀ àti ara tẹ́ẹ́rẹ́, títí wọ́n fi ṣe é láṣejù, lójú tèmi. Àwọn tó ṣì fẹ́ ti àtijọ́ ń pè é ní Thai.

Ní ti ìwà, aláròyé ni ológbò Siam. Ohùn rẹ̀ dà bí igbe ọmọ ọwọ́, kò sì sí ọ̀rọ̀ ilé tí kì í fẹnu sí. Yàrá tí ẹ bá wọ̀ ni yóò wọ̀. Bí wọ́n bá ń fi í sílẹ̀ lóun nìkan, ó lè máa jẹ aṣọ olówùú. Bó bá sì gbé e mì, ó lè dí ìfun rẹ̀.

Àìsàn tó máa ń bá ìran rẹ̀ fínra kò ṣàì wà. Ikọ́ fée ni ọ̀kan. Òmíràn ni purotéènì tó ń gbára jọ sínú ẹ̀dọ̀. Èyí tó jẹ mí lógún jù ni àrùn tó ń ba ẹ̀yìn ẹyinjú jẹ́ díẹ̀díẹ̀ títí ẹranko á fi fọ́jú, nítorí òun ló ṣeé yẹra fún. Ìgbà tí ọmọ bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti ìyá ló ń mú un, àyẹ̀wò sì wà tó ń fi ẹni tó gbé e hàn.

Nítorí náà, ẹ béèrè èsì àyẹ̀wò òbí méjèèjì kí ẹ tó sanwó. Bí ilé yín bá sì ń dá páropáro láti àárọ̀ dé alẹ́, ẹ mú méjì, tàbí kí ẹ má mú rárá.