Bí ọkọ̀ bá ń wa ara rẹ̀, ta la máa mú?

Ẹ̀yin náà á ti rí irú fídíò yẹn lórí fóònù yín: ọkọ̀ Waymo kan ń lọ ní San Francisco, ìjókòó awakọ̀ ṣófo, sítẹ́rìn ń yí fúnra rẹ̀, èrò jókòó sẹ́yìn ó ń tẹ fóònù. Ẹnì kan á kọ ọ́ sábẹ́ rẹ̀ pé, "Ẹ gbé e wá sí Nàìjíríà ká wò ó," gbogbo wa á sì bú sẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ ká fi ẹ̀rín sílẹ̀ díẹ̀. Ká gbé ọkọ̀ yẹn sójú ọ̀nà àríwá Èkìtì, láti Ifàkì sí Ọ̀yẹ́, sí Ìkọ̀lé, títí dé Ọ̀mùò, ká wo ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

Kí n tètè sọ ibi tí mo dúró sí: mi ò bẹ̀rù ọkọ̀ tí kò ní awakọ̀. Ọkọ̀ tí kò ní ẹni tó máa dáhùn fún un ni mò ń bẹ̀rù.

Ire wà nínú rẹ̀. Ilé ìwòsàn ńlá tí ìjọba àpapọ̀ ní lágbègbè wa, Ìdó-Èkìtì ló wà. Bí ìrọbí bá mú obìnrin kan ní Ìkọ̀lé láago méjì òru, kí dókítà tó dé ọ̀rọ̀, ta ló máa gbé e dé Ìdó? Dẹ́rẹ́bà ti sùn. Èyí tí kò sùn lè ti mu paraga, tàbí kó ti wakọ̀ látàárọ̀ títí oorun fi ń gbé e lọ. Ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀ kì í sùn, kì í mutí, kì í ka WhatsApp lórí eré. Afọ́jú lè wọ̀ ọ́, arúgbó tí ojú rẹ̀ ti di bàìbàì lè wọ̀ ọ́ lọ sọ́jà. Akẹ́kọ̀ọ́ FUOYE, tí wọ́n ní ọgbà l'Ọ̀yẹ́ àti n'Íkọ̀lé, lè bọ́ lẹ́yìn ọ̀kadà. Ẹni tó bá ní kò sí ire nínú rẹ̀, kò tíì dúró de ọkọ̀ lálẹ́ ní Ìtapá rí.

Ṣùgbọ́n wíwa ọkọ̀ lọ́dọ̀ tiwa ju ká di sítẹ́rìn mú lọ. Lọ́dún 2023, àwọn kan tínú ń bí ní San Francisco rí i pé téèyàn bá gbé kóònù ojú títì lé orí bọ́nẹ́ẹ̀tì ọkọ̀ wọ̀nyí, ńṣe ló máa dúró gbagidi. Wọ́n fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Níbí, ọ̀rọ̀ yẹ̀yẹ́ kọ́ o. Lọ́jọ́ 29, oṣù Kìn-ín-ní, ọdún 2024, àwọn agbébọn dá àwọn ọba wa lọ́nà nítòsí Òkè-Àkò, wọ́n sì pa méjì nínú wọn. Dẹ́rẹ́bà tó mọ ọ̀nà yẹn mọ̀ pé igi tó dábùú títì nírọ̀lẹ́ lè má jẹ́ igi lásán. Ó mọ ìgbà tó yẹ kóun ti ọ̀nà jíjìn yí padà. Ọkọ̀ tí wọ́n kọ́ pé kó ṣáà dúró fún ohun tó bá wà níwájú rẹ̀ máa lọ bá igi náà, á dúró, tòun tèrò inú rẹ̀. L'Amẹ́ríkà, bí ọ̀rọ̀ bá rú ẹ̀rọ yìí lójú, ó lè fi nẹ́tíwọ́kì béèrè lọ́wọ́ èèyàn kan ní ọ́fíìsì. Níbi tí nẹ́tíwọ́kì bá ti lọ ńkọ́?

Ẹ tún wo ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ìlú Tempe, ní Arizona. Lálẹ́ ọjọ́ 18, oṣù Kẹta, ọdún 2018, ọkọ̀ kan tí Uber fi ń dán ẹ̀rọ yìí wò pa obìnrin kan tó ń ti kẹ̀kẹ́ rẹ̀ sọdá títì. Kì í ṣe pé ẹ̀rọ náà ò rí i. Ìwádìí ìjọba fi hàn pé ó rí i, ohun tó ń pè é ló ń yí padà: ó ní ọkọ̀ ni, ó ní kì í ṣe ọkọ̀, ó ní kẹ̀kẹ́ ni. Àwọn tó ṣe é ò kọ́ ọ pé èèyàn lè sọdá níbi tí wọn ò kun ìlà sí. Ẹ bá mi wò ó o: ìlà mélòó lẹ mọ̀ láàárín Ọ̀yẹ́ sí Ìkọ̀lé? Ibi tó bá wù wá la ti ń sọdá. Ewúrẹ́ ń sọdá, ọmọ iléèwé ń sọdá, ìyá tó ru igi ìdáná ń sọdá, ẹlòmíì sì wà létí títì tó ń sá láfún.

Ta ni wọ́n wá mú ní Tempe? Lọ́dún 2019, agbẹjọ́rò ìjọba ní òun ò rí ẹ̀sùn ọ̀daràn kankan tóun lè fi kan Uber. Obìnrin tí wọ́n gbà pé kó jókòó máa ṣọ́ ẹ̀rọ náà ni wọ́n gbé lọ sílé ẹjọ́. Wọ́n ní fóònù ló ń wò, òun náà sì gbà lọ́dún 2023 pé òun jẹ̀bi. Mi ò sọ pé kò jẹ̀bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé nínú gbogbo àwọn tó lọ́wọ́ sí ọkọ̀ yẹn, ẹni tó wà nísàlẹ̀ pátápátá ni ẹjọ́ ọ̀daràn já lé lórí.

Èmi tí mo kọ́ òfin mọ̀ pé tiwa máa le ju bẹ́ẹ̀ lọ. Òfin ìrìnnà wa, títí kan òfin FRSC ti ọdún 2007, orí èèyàn tó ń wakọ̀ ló dá lé: ẹni tó sáré àsápajúdé, ẹni tó mutí wakọ̀. Bí ọkọ̀ bá gbá bàbá àgbẹ̀ kan lónìí, a mọ ọ̀nà rẹ̀. Wọ́n á mú dẹ́rẹ́bà lọ sí téṣàn, ẹbí á pe òun àti ọ̀gá rẹ̀ lẹ́jọ́, torí pé ọ̀gá ló ń dáhùn fún àṣìṣe ọmọ iṣẹ́ rẹ̀. Bí kò bá sí dẹ́rẹ́bà, àṣìṣe ta ni ọ̀gá fẹ́ dáhùn fún? Òótọ́ ni pé òfin ààbò oníbàárà ti ọdún 2018 ní ẹni tó ta ọjà tó lábùkù gbọ́dọ̀ san gbà-máà-bínú. Ṣùgbọ́n bí ẹbí bàbá àgbẹ̀ bá pe ẹjọ́, inú kọ̀ǹpútà kan lókè òkun ni ẹ̀rí wà. Ta ló máa bá wọn gbé e wá sí kóòtù n'Íkọ̀lé?

Ẹ má rò pé ọ̀rọ̀ ogún ọdún sí i lèyí. Camry tòkunbọ̀ ti ọdún 2018 ní ojú ẹ̀rọ níwájú tó lè tẹ búréèkì fúnra rẹ̀. Bó bá ti fara gbá níbì kan, tí wọ́n wá pààrọ̀ bọ́ńpà rẹ̀ láì tún ojú ẹ̀rọ yẹn tò, ó lè má tẹ búréèkì nígbà tó yẹ, ó sì lè tẹ̀ ẹ́ nígbà tí kò yẹ. Bíyẹn bá fa jàm̀bá, dẹ́rẹ́bà tó ń sunkún pé "èmi kọ́ ni mo tẹ̀ ẹ́" ni wọ́n máa tì mọ́lé. Ta ló máa gbà á gbọ́ ní téṣàn?

Bríténì ti rí ọ̀nà gbà á. Òfin wọn ti ọdún 2018 ní iléeṣẹ́ ìnṣọ́ránsì ni kó kọ́kọ́ sanwó fún ẹni tí irú ọkọ̀ yìí bá ṣe léṣe, kó tó lọ máa bá ẹni tó ṣe ọkọ̀ fà á. Òfin ti ọdún 2024 sì gbé ẹjọ́ bí ọkọ̀ ṣe ń rìn kúrò lórí ẹni tó kàn jókòó sínú rẹ̀, ó gbé e lé iléeṣẹ́ tó gba àṣẹ lórí. Àwa náà ní ìnṣọ́ránsì third party, tí wọ́n sọ di 15,000 náírà fún ọkọ̀ ara ẹni lọ́dún 2023. Ẹ jẹ́ ká kọ ọ́ síbẹ̀ pé ó kan ọkọ̀ tó ń wa ara rẹ̀, kó sì sanwó láì dúró de ẹni tó jẹ̀bi. Kí iléeṣẹ́ tó bá fẹ́ wá ní ọ́fíìsì nílẹ̀ yìí tí èèyàn lè pè lẹ́jọ́. Bí jàm̀bá bá ṣẹlẹ̀, kí wọ́n kó àkọsílẹ̀ inú ọkọ̀ náà fún FRSC láàárín ọjọ́ méje.

Àwọn kan á ní òfin máa lé olówó sá. Irọ́ ni. Lóṣù Kẹwàá, ọdún 2023, ọkọ̀ Cruise kan wọ́ obìnrin kan nílẹ̀ ní San Francisco. Kóṣù yẹn tó parí, ìjọba California ti dá ìwé àṣẹ wọn dúró. Wọ́n rí i dá dúró torí pé ìwé àṣẹ wà níbẹ̀. Waymo ò torí ẹ̀ kó ẹrù rẹ̀, ó ṣì ń gbé èrò níbẹ̀.

Ogun àgbọ́tẹ́lẹ̀ kì í pa arọ tó bá gbọ́n. Ẹ̀yin aṣòfin l'Ábújá, ọkọ̀ yìí ò tíì dé Ìkọ̀lé. Ẹ jẹ́ kí òfin ṣáájú rẹ̀ débẹ̀.