Ẹ Má Gba Ìgbálẹ̀ Lọ́wọ́ Ìyá Yín

Ní díspẹ́nsárì wa ní Ìbẹfun, àwọn ọmọ a máa fọ́nnu fún mi pé: "Nọ́ọ̀sì, Màmá kì í ṣe nǹkan kan mọ́." Wọ́n rò pé ìtọ́jú nìyẹn. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Iṣan tí a kò lò a máa joro. Ẹni tó bá jókòó láti àárọ̀ di alẹ́ a sì máa tètè ṣubú.

Ní ọdún 2020, Àjọ Ìlera Àgbáyé gba àgbà tó ti pé ọdún 65 níyànjú láti máa rìn kánmọ́kánmọ́ fún 150 ìṣẹ́jú, ó kéré tán, lọ́sẹ̀: 30 ìṣẹ́jú lójúmọ́ fún ọjọ́ márùn-ún.

Bí òòyì bá ń kọ́ Màmá, tàbí àyà ń dùn ún, ẹ kọ́kọ́ mú un wá. Bí kò bá sí èyí, ẹ gba ẹrù wúwo lọ́wọ́ rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ fi ìgbálẹ̀ sílẹ̀ fún un.