Kì í Ṣe Gbogbo Eṣinṣin Tsetse Ló Ń Gbé Àrùn

Àwa tí a ń gbé Al-Hujun ní Mẹ́kà níhìn-ín lè rò pé ilé ni a fi eṣinṣin tsetse sílẹ̀ sí. Rárá o. Ní 1990, àwọn onímọ̀ kéde pé wọ́n rí oríṣi rẹ̀ méjì ní agbègbè Jizan, ní gúúsù ilẹ̀ Saudi yìí.

Eṣinṣin yìí ló ń kó àrùn sunrunsunrun ran ènìyàn, òun náà ló ń gbé irú rẹ̀ tó ń pa màlúù àti ẹṣin. Òun wà lára ohun tí kò jẹ́ kí ẹṣin ogun Ọ̀yọ́ lè pẹ́ nínú igbó. Màlúù àwọn Fúlàní ń tipasẹ̀ rẹ̀ rù, ṣùgbọ́n mùtúrù kúkúrú ilẹ̀ wa ń fara dà á.

Síbẹ̀, a kì í bí kòkòrò àrùn mọ́ eṣinṣin náà. Ara ẹran tàbí ènìyàn tó ní in ni ó ti ń mu ún. Nínú èyí tó pọ̀ jù, kòkòrò náà a kú sínú ìfun. Kí ló wá ń mú kí àwọn kan gbà á?

Èkíní ni ọjọ́ orí. Èyí tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde, tí kò tíì mu ẹ̀jẹ̀ rí, ló ń tètè kó o, nítorí awọ fẹ́lẹ́ inú ìfun rẹ̀ kò tíì gbó. Èkejì ni ebi: èyí tí ebi ti pa kì í lágbára láti bá kòkòrò náà jà. Ẹ̀kẹta ni àwọn bakitéríà inú rẹ̀. Wigglesworthia ń fún un ní fítámì, ó sì ń mú ara rẹ̀ le láti inú ìyá rẹ̀. Ní ti Sodalis, Maudlin àti Welburn sọ láàárín 1980 sí 1990 pé ó ń rọ ohun ìjà ìfun náà lójú. Ẹ̀kẹrin ni irú kòkòrò náà. Ẹnu eṣinṣin nìkan ni vivax ń gbé, ó sì ń tètè dàgbà. Brucei ní láti rin ìrìn àjò láti ìfun dé ibi tí itọ́ ti ń sun, fún bí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tàbí jù bẹ́ẹ̀. Ọ̀pọ̀ eṣinṣin ti kú kó tó débẹ̀.

Ràkúnmí ibí ní tiwọn kò nílò tsetse kí evansi tó mú wọn: ẹnu àwọn eṣinṣin mìíràn ló fi ń rìn.

Oògùn fífín nìkan kò lè tán ọ̀ràn yìí. Bí a bá mọ ohun tó ń mú eṣinṣin kọ àrùn, a lè ràn án lọ́wọ́ láti kọ̀ ọ́. Láti 1947 ni iṣẹ́ ìwádìí yìí ti fìdí múlẹ̀ ní Nàìjíríà, Kàdúná sì ni ibùjókòó rẹ̀. Ẹ̀yin tí ẹ ń kẹ́kọ̀ọ́ nípa kòkòrò láàárín wa, iṣẹ́ ń dúró dè yín nílé.