Ṣé Ìtàn Iwin Nìkan Ni Ìtàn Yorùbá?

Olóòtú,

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fún mi láàyè kí n fèsì fún àwọn tó ń sọ fún àwọn ọ̀dọ́ òǹkọ̀wé pé ìtàn tí kò bá ti sí iwin àti igbó nínú rẹ̀ kì í ṣe ìtàn Yorùbá. Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? A ò kóyán Fágúnwà kéré o. Ṣùgbọ́n kí Ògbójú Ọdẹ tó jáde ní 1938, I. B. Thomas ti kọ ìtàn Ṣẹ̀gilọlá, obìnrin Èkó, sínú Akéde Èkó láti 1929 wọ 1930, bíi lẹ́tà sí olóòtú! Òkédìjí náà fi Lápàdé lé ọ̀daràn kiri nínú Àjà Ló Lẹrù ní 1969.

Ẹni tó bá fẹ́ kọ ti ọlọ́pàá, ẹ jẹ́ kó kọ ọ́. Kó ṣáà máa kọ díẹ̀díẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kó má jókòó ti ìwé òfìfo. Ẹ̀yin olóòtú náà, ẹ dákun, ẹ ya àyè kan sọ́tọ̀ fún wọn.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn