Nípa Ọ̀rọ̀ náà ‘Ìsopọ̀’ nínú Iṣẹ́ Kọ̀ǹpútà

Nígbà tí apá kìíní ìwé Èdè-Ìperí Yorùbá jáde ní 1984, tí Ayọ̀ Bámgbóṣé jẹ́ olóòtú rẹ̀, ó hàn gbangba pé ìmọ̀ èdè ṣeé fi Yorùbá kọ́ni. Ti kọ̀ǹpútà kò tíì rí bẹ́ẹ̀. Ìṣòro ibẹ̀ kì í fi gbogbo ìgbà jẹ́ àìsí ọ̀rọ̀. Nígbà mìíràn, ọ̀rọ̀ kan ni ó ń ru ẹrù tí ó ju agbára rẹ̀ lọ. Irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ ni ‘ìsopọ̀’.

Ẹ jẹ́ kí a wo NetworkManager, ètò tí ilé-iṣẹ́ Red Hat bẹ̀rẹ̀ ní 2004, tí ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà Linux fi ń darí bí wọ́n ṣe ń wọ nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Ètò yìí pààlà sáàrin nǹkan méjì. Èkíní ni ẹ̀rọ tí ń gba ìsọfúnni wọlé tí ó sì ń rán an jáde, ìbáà ṣe ti wáyà tàbí ti Wi-Fi. Èkejì ni àkọsílẹ̀ tí ó sọ bí ẹ̀rọ náà yóò ṣe hùwà: Wi-Fi tí yóò wọ̀, ọ̀rọ̀ aṣínà rẹ̀, àdírẹ́sì tí yóò lò. Àkọsílẹ̀ mẹ́wàá lè wà fún ẹ̀rọ kan, ṣùgbọ́n ọ̀kan ṣoṣo ni yóò lò lẹ́ẹ̀kan, gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ní agbádá púpọ̀ kì í ti í wọ méjì pọ̀ jáde.

Ògbufọ̀ tí ó bá pe àkọsílẹ̀ yìí ní ‘ìsopọ̀’ ti ṣi akẹ́kọ̀ọ́ lọ́nà, nítorí ó wà níbẹ̀ nígbà tí ohunkóhun kò so pọ̀ mọ́ ohunkóhun. ‘Àlàkalẹ̀’ ni ó yẹ ẹ́. Òótọ́ ni pé Gẹ̀ẹ́sì pàápàá fi ọ̀rọ̀ kan náà pe méjèèjì. Ṣùgbọ́n ìdàrúdàpọ̀ Gẹ̀ẹ́sì kì í ṣe ogún tí Yorùbá gbọ́dọ̀ jẹ.

Ibi tí ọ̀ràn náà ti le jù ni ọ̀rọ̀-ìṣe. Bí ìwé ìlànà bá wí pé ‘pa ìsopọ̀ náà’, ṣé bí a ti ń pa iná ni, tàbí kí ó pa á rẹ́? Àṣẹ méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni wọ́n nínú ètò yìí. Ti àkọ́kọ́ dá iṣẹ́ dúró, àkọsílẹ̀ sì wà síbẹ̀. Ti èkejì nu àkọsílẹ̀ kúrò pátápátá. Yorùbá kò ṣaláìní ohun tí yóò fi yanjú rẹ̀: ohun tí a so ni a ń tú. Ìsopọ̀ ni kí a tú. Àlàkalẹ̀ ni kí a pa rẹ́.

Ẹni tí ó jókòó ti kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè tún gbogbo rẹ̀ kọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní Ìbàdàn, tí ó ń darí kọ̀ǹpútà kan ní Èkó láti orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì, tí ó sì pa àlàkalẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ gbà wọlé rẹ́, yóò wọ ọkọ̀ lọ sí Èkó.